"Staray ma she": Ìnira Ojoojúmọ́ Àwọn Ará Afghanístàn Lábẹ́ Ogun

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní gúúsù London nìyí. Àwọn kan tí kò rí àyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀yin bàbá mi, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ o. Alága wa, ẹ kú ètò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru wá tààrà, tí oorun ṣì wà lójú yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ẹ sì kú òtútù yìí.

Ṣé ẹ rí ohun tí mo ṣe yẹn? N kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo ti kí yín fún ètò, mo ti kí yín fún ìkàlẹ̀, mo ti kí yín fún àìsùn, mo ti kí yín fún òtútù. Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé kò sí ẹ̀yà mìíràn lábẹ́ ọ̀run tó ń kíni báyìí. Ọdún 2021 ni mo tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni àwọn Taliban, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn tó ń jagun, wọ Kabul, olú-ìlú Afghanístàn. Gbogbo wa la rí i lórí tẹlifíṣọ̀n: èrò tó ń sáré tẹ̀lé bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú, àwọn mìíràn rọ̀ mọ́ ọn títí ó fi gbéra nílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọba ìlú tí a wà yìí kó nǹkan bí 15,000 ènìyàn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì káàkiri. Agbẹ̀bí ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n yàn mí pé kí n máa lọ wo àwọn aboyún tó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta pẹ̀lú báàgì mi, mo ń mí gúlegúle. Arábìnrin kan ṣílẹ̀kùn fún mi. Kí n tó dárúkọ ara mi, ó wo báàgì náà, ó wo ojú mi, ó ní: "Staray ma she." Ògbufọ̀ tó wà lórí fóònù ní, "Ó ń kí yín ni o. Ó ní kí ó má rẹ̀ yín. Bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé nìyẹn ní èdè Pashto. Ẹ̀yin náà á dáhùn pé: Khwar ma she. Ìyẹn ni pé, kí o má di òtòṣì."

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀. Mo dá a lóhùn ní Yorùbá, nítorí òun ló bọ́ sí mi lẹ́nu: "Àárẹ̀ ò ní mú ìwọ náà." Kò gbọ́ èdè mi, ṣùgbọ́n ó mi orí.

Ìkíni méjì yẹn ni mo gbé wá fún yín lónìí. Àárẹ̀ àti òṣì. Ẹ ó rí i pé kò sí bọ́ǹbù nínú àdúrà náà, kò sí ìbọn níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ dáhùn ni pé: báwo ni ogun ṣe ń rí lára ẹni tí kò gbé ìbọn rí láyé rẹ̀? Arábìnrin náà fún mi láyè láti sọ tirẹ̀, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni.

Ogun tó dàgbà ju àwọn tó ń jà á

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí ogun náà, kí a lè tètè kúrò níbẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 1978 ni àwọn ológun kan fi ipá gbàjọba ní Kabul. Nígbà tí 1979 ń parí lọ, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọlé, wọn ò sì kúrò títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1989. Láti 1992 dé 1996, àwọn ọ̀gágun tó ti bá Rọ́ṣíà jà kọjú ìjà sí ara wọn, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì ń bọ́ sórí òrùlé àwọn ará Kabul. Taliban gba ìlú náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ogún ọdún ni ìyẹn náà gbà.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí ogun tí kò tán ń jẹ́. Ogun Kírìjì tí a ṣì ń pìtàn rẹ̀, 1877 ló bẹ̀rẹ̀, 1893 ni àwọn jagunjagun tó tú àgọ́ ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ kó irú rẹ̀ méjì lé ara wọn, kò tí ì tó ti Afghanístàn. Ẹni tí wọ́n bí ní 1978 ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì kí Amẹ́ríkà tó kó ẹrù rẹ̀.

Ìyá àgbà arábìnrin yìí sá fún Rọ́ṣíà láti Helmand, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Afghanístàn, lọ sí Pakístàn, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀yìn yẹn dàgbà nínú àgọ́ ogúnléndé, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó bí arábìnrin náà níbẹ̀. Wọ́n padà sílé ní 2002, wọ́n ń yọ̀ pé ogun ti parí. Ó di ọdún 2021, òun náà tún pọn ọmọ sẹ́yìn.

Ìwé pélébé inú àpò

Nígbà tí ẹ ń jáde nílé láàárọ̀ yìí, kí ni ẹ kó sápò? Fóònù, kọ́kọ́rọ́, káàdì ọkọ̀. Ní Kabul, ní nǹkan bí ọdún 2018, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan mìíràn kún un: ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn, àti nọ́ńbà ẹni tí kí wọ́n pè. Kì í ṣe sójà ló ń ṣe èyí o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, akọ̀wé ni. Wọ́n ti rí i pé bọ́ǹbù lè ba ojú ènìyàn jẹ́ débi pé ìyá tó bí i kò ní dá a mọ̀ mọ́. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogún ọdún tó jókòó tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé yẹn kó tó mu tíì àárọ̀.

Ṣé wọ́n ń ṣe àṣejù ni? Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nínú oṣù Ramadan, láàárọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́, bọ́ǹbù kan dún nítòsí ilé aṣojú Jámánì ní Kabul. Inú ọkọ̀ táńkà tó ń kó ìgbẹ́ ni wọ́n gbé e sí. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wakọ̀, ẹ rò ó wò. Ọkọ̀ tó ń kó ìgbẹ́! Irú ọkọ̀ tí gbogbo wa ń bá jà nínú gósiló láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn, bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí ni o máa ṣe? O ò lè bọ́ sílẹ̀, o ò lè yà. O máa jókòó síbẹ̀ ni, iná á pupa, iná á tún tutù. Lọ́la o tún máa gba ọ̀nà yẹn, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ wà.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń ka àwọn aráàlú tí ogun pa níbẹ̀. Ní 2018 nìkan, wọ́n ka 3,804. Ọmọdé ni 927 nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé iye yẹn, mo máa padà sí i.

Ogun tí a rì mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ogun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Nígbà ogun Rọ́ṣíà, wọ́n máa ń da àdó olóró kéékèèké sílẹ̀ láti òfuurufú. Ó ní apá bíi ti labalábá, kó lè rọra balẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọmọ tó ń da àgùntàn rí i nínú koríko, ó rò pé ohun ìṣeré ni, ó mú un. Rọ́ṣíà lọ, àdó náà kò lọ. Àwọn tó jà lẹ́yìn wọn tún rì tiwọn kún un. Àgbẹ̀ tí wọn ò tí ì bí nígbà tí wọ́n rì í ló ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wú u jáde.

Àjọ Red Cross àgbáyé ní ibùdó kan ní Kabul tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá láti ọdún 1988. Alberto Cairo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, dé ibẹ̀ ní 1990, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń wọn ẹsẹ̀, ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ náà, ẹni tó ń kọ́ àlejò ní ìrìn láàárín irin méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ti wá síbẹ̀ bí aláìsàn rí. Ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ ló ń ṣe ẹsẹ̀ fún ẹni tí kò lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an wàyí. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Bí a bá rí aboyún nílé wa, kí ni à ń sọ? A ní: a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí pé púpọ̀, nítorí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ̀ pé nígbà mìíràn ohùn kan ṣoṣo là ń gbọ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kẹ́kẹ́ pa.

Bí mo bá kọ́kọ́ rí aboyún, ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi í: oyún kélòó rèé, ọmọ mélòó ló wà láyé? Mo bi arábìnrin yìí. Ó fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka rẹ̀. Ó ní mẹ́rin ni òun ti bí. Mẹ́ta ló wà nínú yàrá, wọ́n ń wo àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo dúró. Ògbufọ̀ náà dúró. Ó wá sọ ti àkọ́bí rẹ̀.

Ọdún 2012 ni, ní Helmand. Àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì wà níbẹ̀ nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ń bá wọn túmọ̀ èdè, ó ń gbé ní àgọ́ wọn. Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni ìrọbí mú un. Ìyá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ní ọmọ dábùú. Ilé ìwòsàn wà ní Lashkar Gah, kò jìnnà púpọ̀. Ṣùgbọ́n òru ni. Ta ni yóò wakọ̀ lóru? Bí ọkọ̀ bá tan iná lóru, àwọn ológun á yìnbọn sí i. Bí kò bá tan iná, ó lè gun àdó tí àwọn Taliban rì sójú ọ̀nà. Wọ́n jókòó ti ìrọbí náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, aládùúgbò kan gbé ọkọ̀ Corolla rẹ̀ jáde. Wọ́n so aṣọ funfun mọ́ ojú fèrèsé. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti dá wọn dúró. Ní ibi kejì, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ológun ń kọjá, wọ́n sì ní kí gbogbo ọkọ̀ aráàlú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Awakọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń tọ́ka sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pé aboyún ni. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ níbẹ̀. Tẹ̀súbáà kan wà tí awakọ̀ náà fi kọ́ sára dígí, kóró mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Arábìnrin náà ní òun ń ka kóró yẹn. Òun kà á tán, òun tún kà á, títí òun kò fi mọ iye ìgbà tí òun ti kà á mọ́. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ fún mi ní òkè kẹta òtẹ́ẹ̀lì yẹn, àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ lára oríkèé ìka rẹ̀.

Wọ́n dé Lashkar Gah. Dókítà yọ ọ́ nínú ewu. Ọmọ ti lọ. Ọkùnrin ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ tó dábùú, nílé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, a ó sì ti mú ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn tó lè ṣe é wà ní Lashkar Gah. Dókítà wà. Ọ̀bẹ wà. Kí ló wá pa ọmọ náà? Kò sí ọta ìbọn kankan lára rẹ̀. Ẹ rántí pé mo ní mo máa padà sí iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń kà. Ọmọ yẹn kò sí nínú iye kankan. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogun ló pa á. Ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn, torí pé irú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n kà lọ.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé wọ́n pọ̀? Ní 2002, àwọn olùwádìí lọ sí ẹkùn mẹ́rin ní Afghanístàn, wọ́n ka àwọn ìyá tó kú níbi ìbímọ. Ní Ragh, ní ìpínlẹ̀ Badakhshan, láàárín àwọn òkè gíga, wọ́n rí i pé nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, nǹkan bí 6,500 ìyá ló ń bá a lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ iye tó ga tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí láyé. Ogún ọdún ó lé ni ogun fi dí ọ̀nà, tó lé dókítà lọ, tó sọ ilé ẹ̀kọ́ di ahoro. Èrè rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn obìnrin ibẹ̀ náà kò káwọ́ gbera. Lẹ́yìn 2002, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Abúlé á yan ọmọbìnrin tiwọn, á lọ kọ́ṣẹ́, á padà wá gbẹ̀bí fún àwọn ará ilé rẹ̀. Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, agbẹ̀bí tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò tó 500. Wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iye ìyá tó ń kú sì lọ sílẹ̀ gidigidi. Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. N kò mọ ọ̀kan nínú wọn lójú, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mi ni wọ́n.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn agbébọn wọ ilé ìgbẹ̀bí kan ní Dasht-e-Barchi, ní ìwọ̀-oòrùn Kabul, níbi tí àwọn ẹ̀yà Hazara pọ̀ sí, ibi tí ẹgbẹ́ dókítà Médecins Sans Frontières ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Ìyá mẹ́rìndínlógún ni wọ́n yìnbọn pa, àwọn mìíràn nínú wọn wà lórí ìrọbí. Agbẹ̀bí kan kú. Àwọn tó ráyè sá wọ yàrá ààbò, ọ̀kan nínú wọn bímọ síbẹ̀ bí ìbọn ti ń dún níta. Kò sí abẹ, kò sí okùn. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ lásán já ìwọ́ ọmọ náà, wọ́n fi ìborùn orí wọn wé ìyá àti ọmọ.

Mo ti gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo wo ọwọ́ mi.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn tó ń ṣèjọba níbẹ̀ báyìí pàṣẹ pé obìnrin kankan kò gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn mọ́, títí kan iṣẹ́ agbẹ̀bí. Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé kò ní gbà kí dókítà ọkùnrin fọwọ́ kan aya wọn. Ta ni yóò wá gbẹ̀bí ọdún mẹ́wàá òní?

Ìbọn dákẹ́, ebi fọhùn

Àwọn kan á ní, "Ogun ti parí ní 2021, kí ló tún kù?" Òótọ́ ni pé ìbọn dínkù. Àgbẹ̀ lè gba ọ̀nà tí kò lè gbà tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tí ìjọba ìṣáájú ń ná, ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ló ti ń wá. Ọjọ́ tí Kabul bọ́, owó yẹn dá wáí. Nǹkan bí bílíọ̀nù méje dọ́là tí báńkì àpapọ̀ wọn fi pamọ́ sí Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà tì í pa. Tíṣà kò gbowó oṣù, nọ́ọ̀sì kò gbowó oṣù. Ẹni tó ní owó ní báńkì tò láti òru, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n gbà á láyè láti mú jáde. Ní Kabul, wọ́n kó ẹrù ilé síta fún títà: kápẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, fóòmù, aago ara ògiri. Òṣì tí wọ́n ń fi Khwar ma she gbàdúrà lòdì sí ló wọlé dé yẹn.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú ní Kabul, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú ilé oníbúrẹ́dì, aṣọ búlúù bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wá ra búrẹ́dì fún ilé rẹ̀ lè ra ẹyọ kan lé e, kí ó gbé e fún ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, láti ìgbà tí ogun ti ń sọ obìnrin di opó. Lẹ́yìn 2021 ni wọ́n wá pọ̀ bí èèrà. Opó nìkan kọ́ mọ́; ìyàwó tíṣà wà níbẹ̀, tíṣà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ti àwọn ọmọbìnrin, n kò ní sọ púpọ̀, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mi ò ní lè dúró. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2022, Taliban ní kí àwọn tó ti kọjá kíláàsì kẹfà padà sílé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ náà wọ aṣọ, wọ́n gbé báàgì, wọ́n jókòó sí kíláàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Òkè kẹta

Ṣé ẹni tó sá àsálà ti bọ́? Ní 2023, Pakístàn ní kí àwọn ará Afghanístàn tí kò ní ìwé kúrò kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Nǹkan bí 500,000 ló ti kọjá ẹnubodè kí ọdún tó yí, àwọn mìíràn nínú wọn kò dé Afghanístàn rí, Pakístàn ni wọ́n bí wọn sí.

Ti àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń yin bángà ní ìlú yìí ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì. Èmi náà kò rántí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀dì yàrá arábìnrin náà ti di egungun lásán. Inú balùwẹ̀ ni fóòmù wà, wọ́n ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwẹ̀, torí pé balùwẹ̀ kò ní fèrèsé. Òun, ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta sun ibẹ̀ mọ́jú. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò sunkún, ó ní. Kò tilẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tó ń dún. Ó kàn dìde ni, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń lọ sí balùwẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin.

Wọ́n gbé oúnjẹ àárọ̀ wá nígbà tí mo wà níbẹ̀, búrẹ́dì funfun tí wọ́n ti gé. Ègé kékeré kan já bọ́ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ba pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún, ó mú un, ó fi ẹnu kò ó, ó fi kan iwájú orí rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé fún ẹyẹ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní a kì í jẹ́ kí búrẹ́dì wà níbi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́.

Oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ló bímọ, obìnrin, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Wọ́n ti nílé báyìí, n kò ní sọ ibẹ̀.

Ó ní àbúrò kan lọ́hùn-ún. Ìlú tó wà, n kò ní sọ ìyẹn náà. Ọmọbìnrin náà ti wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí nígbà tí wọ́n tì í pa. Ó kó ìwé rẹ̀ délé. Láti ìgbà náà, ó máa ń ya fọ́tò ojú ìwé kan, á fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, á fi pẹ́ńsùlù pupa yí ibi tí kò yé e po, èmi á sì fi ohùn dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo orílẹ̀-èdè náà nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, n kò gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, n kò sì lè jẹun.

Àná ló fi tuntun ránṣẹ́. Ọmọ tó dábùú ló ń bèèrè. Ó ní obìnrin kan wà ládùúgbò, ọwọ́ òun sì sọ fún òun pé orí ọmọ kò sí nísàlẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ni kí òun ṣe?

Mo mọ ìdáhùn tó wà nínú ìwé. Má fà á, má tẹ̀ ẹ́, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń bi mí gan-an ni ti ọ̀nà. Iye wákàtí tó jẹ́, ọkọ̀ ta ni, ọkùnrin wo ni yóò tẹ̀ lé wọn, ta ni yóò san owó epo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti èmi fẹ́ jọ ṣe ìṣirò owó náà lálẹ́ òní, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní lè dúró jẹun pẹ̀lú yín. Ẹ má bínú. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfarabalẹ̀.